Ọkọ̀ Ẹ̀gbẹ́ Lára Alùpùpù Tí A Rẹ̀ Sílẹ̀: Ẹ Gbé Ẹrù Lé E Kí Ẹ Tó Wọ̀n Ọ́n

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti irúgbìn, kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti kòkòrò tí ń ba ọ̀gbìn jẹ́. Ọ̀rọ̀ bí irè oko yóò ṣe kúrò ní oko dé ọjà ni. Ẹni tí ó gbin tòmátì tí kò rí ohun tí yóò fi kó o dé ọjà ní ọjọ́ tí ó pọ́n, ẹyẹ àti ìdin ni ó gbìn ín fún. Ní ọ̀pọ̀ abà wa lónìí, alùpùpù ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí orí àti kẹ̀kẹ́ ológeere ń ṣe ní ayé àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n ibi tí a lè di ẹrù sí lẹ́yìn alùpùpù kò tó nǹkan, ẹrù tí a bá sì dì ga ju orí lọ a máa gbé ẹni tí ó gùn ún ṣubú. Èyí ni ó mú kí àwọn kan lára yín máa béèrè lọ́wọ́ wa nípa ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́.

Ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ni pẹpẹ tàbí àpótí onítáyà kan tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, tí táyà méjì fi di mẹ́ta. Kì í ṣe ohun tuntun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan bí ọdún 1903 ni àwọn òyìnbó ti ń lò ó, nígbà tí owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Àwọn ọmọ ogun Jámánì lò ó lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú ogun ọdún 1939 sí 1945. Ní orílẹ̀-èdè Philippines, òun ni wọ́n fi ń kó èrò àti ẹrù ní ìlú àti ní ìletò títí di òní. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀kan náà ni òun àti kẹ̀kẹ́ Márúwá. Táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá méjèèjì dọ́gba ní ọ̀tún àti ní òsì. Ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan ni ẹrù rẹ̀ wà, apá kan náà ni ó sì máa ń fà sí. Nítorí náà, bí a bá ṣe so ó ni yóò ṣe sin wá.

Àṣìṣe tí mo ṣe

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àgbẹ̀ tòmátì kan ní àgbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wo ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ tí wẹ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá òun so mọ́ alùpùpù. Bàbá náà kò ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tólẹ̀ dáadáa bí ó bá jókòó, nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ kí wọ́n gé sípíríǹgì ẹ̀yìn kí ìjókòó lè wálẹ̀. Mo wo iṣẹ́ náà yí ká. Mo wọn àyè tí ó wà láàárín irin ìsàlẹ̀ àti ilẹ̀, ó ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Mo gùn ún yí pápá kan ká. Mo sì sọ fún un pé, “Bàbá, ó dára. Ohun tí ó bá súnmọ́ ilẹ̀ kì í tètè dojú dé.” Òtítọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé. Òfìfo ni alùpùpù náà wà nígbà tí mo wọ̀n ọ́n.

Ní ọjọ́ ọjà, bàbá náà kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́rin sínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́, ó sì di méjì sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Sípíríǹgì tí a gé náà wọlẹ̀ pátápátá. Àyè tí mo wọ̀n ní ìjẹta di ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Kò tíì jáde kúrò ní ọ̀nà oko tí ìdè iwájú fi kọ́ gbòǹgbò igi kan tí ó yọ sójú ọ̀nà. Ìdè náà já, ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ yí sódì, alùpùpù sì wó lé bàbá lẹ́sẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi lè dé oko, àkókò ìkórè sì ni. Nígbà tí mo lọ kí i, kò bá mi wí. Ó kàn ní, “Ọmọ mi, o kò sọ fún mi pé kí n gbé ẹrù sí i kí o tó wọ̀n ọ́n.” Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́ lónìí.

Ire àti ibi tí ó wà nínú rírẹ alùpùpù sílẹ̀

Ìdí púpọ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń rẹ alùpùpù sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn tólẹ̀, àwọn mìíràn fẹ́ kí ẹrù rọrùn láti gbé lé e. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn mẹkáníìkì ń gbà ṣe é: wọ́n ń gé sípíríǹgì, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kúkurú rọ́pò èyí tí ó gùn, tàbí kí wọ́n ti ọ̀pá fọ́ọ̀kì iwájú sókè nínú ìdè rẹ̀.

Ire wà nínú rẹ̀. Bí ìwúwo bá ti súnmọ́ ilẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ṣòro tó fún ọkọ̀ oníṣẹ̀ẹ́ mẹ́ta láti gbé táyà kan sókè ní kọ́nà. Sípíríǹgì tí ó le díẹ̀ pàápàá sàn fún ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ju èyí tí ó rọ̀ lọ. Nítorí náà, a kò sọ pé èèwọ̀ ni láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ibi tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó yẹ kí á mọ̀.

Èkínní, àyè tí sípíríǹgì fi ń sọ̀ kalẹ̀ yóò dín kù. Sípíríǹgì tí a gé a máa le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ìká rẹ̀ ti dín, ṣùgbọ́n kúkúrú ni, ibi tí a ti gé e kì í sì í jókòó pẹrẹsẹ. Bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, irin yóò máa lu irin. Gbogbo ìjá ọ̀nà ni yóò wá máa bọ́ sórí àwọn ìdè tí ó so ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mọ́ alùpùpù. Ibẹ̀ ni irin ti ń sán díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já ní ọjọ́ tí a kò rò.

Èkejì, irin ìsàlẹ̀ yóò súnmọ́ kùkùté, òkúta àti gbòǹgbò. Ọ̀nà títì lè gbà á. Ọ̀nà oko kò ní gbà á.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹ wo fọ́ọ̀kì iwájú alùpùpù láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i pé kò dúró ṣánṣán. Ó fẹ̀yìn tì. Bí a bá fi ojú inú fa ìlà láti ibi tí fọ́ọ̀kì ti ń yí wọnú ara alùpùpù, kí ìlà náà tọ̀ ọ́ sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀, yóò kan ilẹ̀ níwájú ibi tí táyà ti fẹnu kàn án. Àlàfo tí ó wà láàárín ibi méjèèjì ni ó ń mú kí táyà máa tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà. Ó dára fún alùpùpù lásán. Ṣùgbọ́n bí a bá so ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn, àlàfo tí ó pọ̀ a máa mú kí yíyí apá alùpùpù le koko, tí èjìká awakọ̀ yóò fi máa ro ó kí ó tó dé ọjà.

Bí a bá rẹ ẹ̀yìn nìkan sílẹ̀, fọ́ọ̀kì yóò túbọ̀ fẹ̀yìn tì, àlàfo náà yóò pọ̀ sí i, yíyí yóò sì túbọ̀ le. Bí a bá rẹ iwájú nìkan sílẹ̀, fọ́ọ̀kì yóò nàró sí i, yíyí yóò rọrùn, ṣùgbọ́n apá alùpùpù lè máa gbọ̀n jìnnìjìnnì bí a bá rọra ń lọ, táyà iwájú sì lè máa ha madigáàdì. Ilé iṣẹ́ BMW ní Jámánì mọ èyí dáadáa. Àwọn alùpùpù kan tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1955 sí 1969 ní ihò méjì tí a lè so fọ́ọ̀kì iwájú sí: ọ̀kan fún ìgbà tí ènìyàn bá dá gùn ún, èkejì fún ìgbà tí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ bá wà lára rẹ̀, kí àlàfo náà lè dín kù. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ alùpùpù sílẹ̀ nígbà náà, ẹ jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kí ó sì mọ níwọ̀n.

Àyẹ̀wò mẹ́ta kí a tó gé irin kankan

Kí ẹ tó pe wẹ́dà, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta yìí. Ẹ wá àpò iyanrìn tí ìwúwo rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹrù tí ẹ ń rù lọ sí ọjà, kí ẹni tí yóò máa gùn ún sì jókòó sórí alùpùpù.

1. *Àyè sípíríǹgì.* Ẹ so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọ̀pá fọ́ọ̀kì iwájú níbi tí ó ti ń wọlé, kí ẹ sì fi gíríìsì díẹ̀ pa ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Ẹ rọra gùn ún kọjá ojú ọ̀nà tí ó rí gbágungbàgun. Ibi tí a bá ti okùn náà dé, àti ibi tí gíríìsì bá ti nù, ni òpin ibi tí sípíríǹgì sọ̀ dé. Bí ó bá ti dé òpin pátápátá, alùpùpù náà kò tíì yẹ fún ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹ dá sípíríǹgì gígùn padà sí i, kí ó sì jẹ́ èyí tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

2. *Àyè ìsàlẹ̀.* Ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé irin tí ó rẹlẹ̀ jù lọ, pẹ̀lú ẹrù àti awakọ̀ lórí rẹ̀. Fún ọ̀nà oko wa, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó dín sí sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ rántí pé àwọn ìdè ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ lè rẹlẹ̀ ju irin alùpùpù fúnra rẹ̀ lọ.

3. *Ṣéènì.* Bí ẹ̀yìn alùpùpù bá ti wálẹ̀, bí ṣéènì ṣe ń le tí ó sì ń dẹ̀ yóò yí padà. Ẹ wò ó nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Èyí tí ó dẹ̀ dáadáa lófìfo lè le gan-an bí ẹrù bá dé, kí ó sì já lójú ọ̀nà.

Bí a ṣe ń so ó

Ọ̀tún ni ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ gbọdọ̀ wà ní ilẹ̀ wa. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí a ń wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ àlòkù tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà, ti ọwọ́ òsì ni ìyẹn, nítorí ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe so ó bẹ́ẹ̀, kí ó má baà wà láàárín títì níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀.

Ibi mẹ́rin ni a ó ti so ó mọ́ egungun alùpùpù: méjì nísàlẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, méjì lókè, ọ̀kan ní abẹ́ táńkì, ọ̀kan ní abẹ́ ìjókòó. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ni ó ń fa ẹrù. Àwọn ti òkè ni a fi ń tún ìdúró alùpùpù ṣe. Ìdè mẹ́ta kò tó, nítorí bí ọ̀kan bá já, kò sí ohun tí yóò dì í mú mọ́. Ó sàn kí á lo ìdè irin tí a fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì fún mọ́ egungun náà ju kí á fi iná jó o mọ́ ọn lọ, pàápàá jù lọ ní ọrùn alùpùpù níbi tí fọ́ọ̀kì ti ń yí. Iná wẹ́dà a máa sọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹlẹgẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n mẹ́ta tí ó ṣe pàtàkì. Ẹ ṣe wọ́n lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́.

*Ìwọ̀n kìíní:* Táyà ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn alùpùpù. Ó gbọdọ̀ wà níwájú rẹ̀ díẹ̀. Fún alùpùpù tí a sábà máa ń lò, tí àárín táyà iwájú rẹ̀ sí àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ nǹkan bí mítà kan àti ìdá mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí ó wà níwájú ní sẹ̀ǹtímítà 13 sí 25.

*Ìwọ̀n kejì:* Ẹ gbé pákó gígùn tí ó tọ́ geere ti ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì alùpùpù, kí ẹ gbé òmíràn ti ẹ̀gbẹ́ táyà ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹ wọn àlàfo tí ó wà láàárín pákó méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Ti iwájú gbọdọ̀ fi mìlímítà 10 sí 20 kéré sí ti ẹ̀yìn, kí táyà ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ lè kọjú díẹ̀ sí alùpùpù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, alùpùpù yóò máa fà lọ sí ọ̀tún láìdẹ́kun. Bí ó bá sì pọ̀ jù, táyà yóò máa jẹ kíákíá.

*Ìwọ̀n kẹta:* Alùpùpù gbọdọ̀ fì díẹ̀ sí òsì, kúrò lọ́dọ̀ ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹ so òkúta mọ́ okùn bí àwọn bíríkìlà ti ń ṣe, kí ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní gíga mítà kan, kí ó fi mìlímítà 17 sí 35 yàtọ̀ sí okùn náà.

Ìwọ̀n kẹta yìí gan-an ni alùpùpù tí a rẹ̀ sílẹ̀ fi ń tan ènìyàn jẹ. Bí táyà ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ kò bá ní sípíríǹgì, tí sípíríǹgì alùpùpù sì wọlẹ̀ lábẹ́ ẹrù, alùpùpù yóò túbọ̀ fì sí òsì. Bí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ bá ní sípíríǹgì tirẹ̀, tí ẹrù sì tẹ̀ ẹ́, alùpùpù yóò fì sí ọ̀tún. Ohun tí a wọ̀n lófìfo ní òwúrọ̀ kì í ṣe òun ni a ń gùn lọ sí ọjà. Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọ́n lófìfo, ẹ di àpò iyanrìn sí i kí ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ sì tún àwọn ìdè òkè ṣe títí yóò fi dúró dáadáa pẹ̀lú ẹrù.

Bí a ṣe ń wà á

Ẹni tí ó ti ń gun alùpùpù fún ogún ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ ni lórí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́. Kì í fì sí ẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà bí alùpùpù lásán. Apá rẹ̀ ni a fi ń yí i. Bí ẹ bá ń yà sí ọ̀tún, táyà ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ gbéra nílẹ̀, pàápàá bí kò bá sí ẹrù nínú rẹ̀. Ẹ dẹwọ́ eré kí ẹ tó dé kọ́nà, kí ẹ sì fi ara tẹ ọ̀tún. Bí ẹ bá ń padà bọ̀ láti ọjà lófìfo, ẹ gbé àpò iyanrìn kìlò 20 sí 40 sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fún un ní iná, yóò fà sí ọ̀tún. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, yóò fà sí òsì, nítorí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣì fẹ́ máa lọ. Bí agbára bá gbà, ẹ jẹ́ kí táyà ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ní bíréèkì tirẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi pápá ilé ìwé dánra wò ní ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó jáde sí ọ̀nà. Ẹ di ẹrù sí ìsàlẹ̀, kí ó súnmọ́ táyà ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sí ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àpapọ̀ awakọ̀, ẹrù àti ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀ ju ìwọ̀n tí ó wà nínú ìwé alùpùpù lọ. Lẹ́yìn kìlómítà 50 àkọ́kọ́, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún, kí ẹ sì máa wò wọ́n ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Pẹpẹ ẹrù ni; ẹ má ṣe gbé ọmọdé sínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e dé títì, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Bí egungun alùpùpù yín bá jẹ́ irin pẹlẹbẹ, tàbí tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kéré, ẹ má ṣe fi tipátipá so ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yin mélòó kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín lè kówó jọ ra kẹ̀kẹ́ akẹ́rù oníṣẹ̀ẹ́ mẹ́ta kan, kí ẹ jọ máa lò ó.

Àwọn bàbá wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bàbá tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti ń rìn padà. Ó dá sípíríǹgì gígùn padà sí alùpùpù rẹ̀, ó sì gé tìmùtìmù ìjókòó kúrú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tólẹ̀. Nígbà tí ó tún pè mí wá wo ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́rin ti wà nínú rẹ̀ kí n tó dé, bàbá sì ti jókòó sórí ìjókòó. Ó na okùn ìwọ̀n sí mi, ó ní, “Ó yá, wọ̀n ọ́n báyìí.”